12 Angry Men: fíìmù tí kò sọ ẹni tó pààyàn

Nígbà tí mo fi 12 Angry Men han àbúrò mi obìnrin, ó wò ó dé òpin. Kò sùn, kò sì fọwọ́ kan fóònù, èyí tí mi ò rí rí. Bó ṣe parí báyìí ló kọjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọmọ yẹn ló pa bàbá ẹ̀ àbí òun kọ́?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Ṣebí ẹ ti wò ó tẹ́lẹ̀?" Mo ní mo ti wò ó ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ, síbẹ̀ mi ò mọ̀. Ó pòṣé. Ó ní irú fíìmù rádaràda wo nìyẹn, kí èèyàn jókòó ti àwọn ọkùnrin tó ń pariwo fún wákàtí kan àtààbọ̀, kí wọ́n má sì sọ ẹni tó pààyàn.

Mi ò bá a jiyàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi, torí ó ju ẹnì kan lọ tó ti bi mí bẹ́ẹ̀. Fíìmù ọdún 1957 ni, kò ní àwọ̀ mìíràn ju dúdú àti funfun. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé inú yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Kò sí ìbọn, kò sí olólùfẹ́, ẹnikẹ́ni ò jó. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí àwọn méjìlá yẹn jókòó ṣe á rò pé wọ́n kàn ń jà ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, mo fẹ́ rí bó ṣe máa gbójú kúrò.

Ìtàn náà kò gùn. Ìlú New York ni. Wọ́n fẹ̀sùn kan ọmọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan, ọmọ àdúgbò tálákà, pé ó fi ọ̀bẹ gún bàbá rẹ̀ pa. Bí wọ́n bá ní ó jẹ̀bi, orí àga oníná ló ń lọ. Òfin kò fún adájọ́ láyè láti ṣàánú. Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀, ìgbẹ́jọ́ ti parí. Àwọn lọ́yà ti rojọ́ tán, àwọn ẹlẹ́rìí ti sọ tiwọn, adájọ́ sì ń fi ohùn ẹni tí iṣẹ́ ti sú ka ìlànà sétí àwọn méjìlá. A rí ojú ọmọ náà fìrí, kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà wọ́n kó àwọn méjìlá wọ yàrá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn láti ìta.

Àwọn wo ni méjìlá yìí? Wọn kì í ṣe adájọ́, wọn kì í ṣe lọ́yà. Júrì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ará ìlú lásán ni ìjọba ránṣẹ́ sí pé kí wọ́n wá gbọ́ ẹjọ́: kun-kun-ilé wà níbẹ̀, akọ̀wé báǹkì wà níbẹ̀, ẹni tó ń tún aago ṣe wà níbẹ̀. Iṣẹ́ adájọ́ ni láti sọ ohun tí òfin wí fún wọn. Iṣẹ́ tiwọn ni láti sọ bóyá ẹ̀rí tó. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fẹnu kò sójú kan. Bí ẹyọ ẹnì kan bá takú, ẹjọ́ yẹn kò lójú mọ́, ìjọba sì lè tún un gbé síwájú méjìlá mìíràn. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, adájọ́ ló ń gbọ́ ẹjọ́, òun náà ló ń dá a, ìdí nìyẹn tí yàrá yẹn fi ṣàjèjì sí wa.

Ẹ má sì fi wọ́n wé àwọn àgbà tó ń parí ìjà lágbo ilé. Àgbà ilé mọ gbogbo yín, ó mọ ẹni tó ń purọ́ láti kékeré, ó sì fẹ́ kí ẹ lè jọ jẹun lọ́la. Àwọn méjìlá yìí ò mọ ọmọ náà, wọn ò mọ ara wọn, kò sì sí ìjà tí wọ́n fẹ́ parí. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n wá dáhùn.

Ohun kan ṣoṣo yẹn ni àbúrò mi ṣì gbọ́, mi ò sì dá a lẹ́bi, torí èdè wa gan-an lọ́wọ́ sí i. Lédè Yorùbá, tí ẹjọ́ bá parí, ẹnì kan jàre, ẹnì kejì jẹ̀bi. Ẹni tí kò bá jẹ̀bi, a jẹ́ pé ó jàre nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin béèrè nínú yàrá yẹn yàtọ̀. Kò bi wọ́n pé ṣé ọmọ yìí ló ṣe é. Ó bi wọ́n pé ṣé ẹ̀rí tí ìjọba kó wá lágbára débi tí ẹni tó ń ronú dáadáa kò fi ní ṣiyèméjì mọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó jẹ̀bi. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò jẹ̀bi, ìbáà jẹ́ pé ẹ ń fura sí i nínú ikùn yín. Irú "kò jẹ̀bi" yìí kò sọ ọ́ di ẹni tó jàre. Ó kàn túmọ̀ sí pé ẹni tó pè é lẹ́jọ́ kò rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fìdí múlẹ̀ tó láti gba ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ.

Òfin tiwa náà kò yàtọ̀ níbí yìí. Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé aláìṣẹ̀ ni ká ka ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn sí, títí ẹ̀rí á fi dá a lẹ́bi. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Lójú títì, ẹ mọ bó ṣe rí: ẹnì kan ké "olè!", táyà ti dé ọrùn kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó jí.

Táyà yẹn ni mo máa ń rántí nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ dìbò nínú yàrá náà. Wọn ò tíì jókòó dáadáa. Ọjọ́ náà gbóná ju gbogbo ọjọ́ ọdún yẹn lọ, fáànù ò ṣiṣẹ́, ẹnì kan ní tíkẹ́ẹ̀tì bésíbọ́ọ̀lù lápò, ó fẹ́ tètè lọ. Ta ló ní ó jẹ̀bi? Ọwọ́ mọ́kànlá lọ sókè, àwọn kan yára nà án, àwọn kan wo ojú ẹlòmíràn kí wọ́n tó nà án. Ó ku ọ̀kan. Wọn kì í pe ara wọn lórúkọ nínú fíìmù yìí, nọ́ńbà la fi mọ̀ wọ́n, Ẹni Kẹjọ sì ni ẹni tí kò nawọ́. Wọ́n bi í bóyá ó gbà pé ọmọ náà kò ṣe é. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀mí èèyàn ni, ẹ jẹ́ ká fi wákàtí kan sọ ọ́.

Henry Fonda ló ṣe Ẹni Kẹjọ, òun ni gbajúmọ̀ jù nínú wọn, nítorí náà gbogbo èèyàn máa ń sọ pé òun ló gba ọmọ náà sílẹ̀. Àwa tí a fi fíìmù Íńdíà àti ti Ṣáínà dàgbà, áktọ̀ la máa ń wá, ẹni tó ń nìkan lu ogún èèyàn, tí kì í sì í kú. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo wá tako. Bí ẹ bá fara balẹ̀ ka ohun tí oníkálukú gbé wá sórí tábìlì, ẹ ó rí i pé ti Ẹni Kẹjọ kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò.

Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń rántí ni ọ̀bẹ. Ìjọba ní ọ̀bẹ tí wọ́n fi pa bàbá náà ṣọ̀wọ́n, irú èyí tó máa ń já síta fúnra rẹ̀ téèyàn bá tẹ èèkù rẹ̀. Ọmọ náà gbà pé òun ra irú rẹ̀, ó ní ó já bọ́ nínú àpò òun tó lu. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Ni Ẹni Kẹjọ bá ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì gún èkejì rẹ̀ mọ́ tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Dọ́là mẹ́fà ló rà á ládùúgbò ọmọ náà. Gbogbo wọn fò dìde, yàrá dàrú. Ibi tó dùn nìyẹn, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: kò yí ẹnikẹ́ni lọ́kàn padà. Lẹ́yìn ariwo ọ̀bẹ náà, mọ́kànlá sí ẹyọ kan ni wọ́n ṣì wà. Ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu áktọ̀ wa. Ó ní kí wọ́n dìbò bòńkẹ́lẹ́ sínú ìwé, òun ò ní dá sí i. Bí mọ́kànlá bá ṣì jẹ́ mọ́kànlá, òun náà á gbà.

Ẹni tó dúró tì í ni Ẹni Kẹsàn-án, bàbá arúgbó inú wọn. Kò ní ọmọ náà kò ṣe é o. Ó ní ẹni tó bá lè nìkan dúró láàárín èèyàn mọ́kànlá, ó yẹ ká gbọ́ ọ sí i. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ tó lágbára jẹ́ ti bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé ibi tí wọ́n ti pa ọkùnrin náà. Ó ní òun gbọ́ tí ọmọ náà kígbe pé òun á pa bàbá òun, òun gbọ́ tí òkú ṣubú, òun sì sáré dé ẹnu ọ̀nà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, òun rí ọmọ náà tó ń sá lọ. Ẹlẹ́rìí kejì, obìnrin kan tó ń gbé lódìkejì, ní òun rí ìpànìyàn náà láti ojú fèrèsé, nínú àlàfo ojú fèrèsé ọkọ̀ rélùwéè tó ń kọjá lákòókò yẹn. Ẹni Kẹjọ bá fi ẹ̀rí kan dojú kọ èkejì: bí rélùwéè bá ń kọjá, báwo ni bàbá ìsàlẹ̀ ṣe gbọ́ ohùn? Òun náà ti gbé létí irin rélùwéè rí, ó ní ariwo ibẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tó ń rò, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló mọ̀ ọ́n. Ẹni Kẹfà, kun-kun-ilé, ló ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta nílé tó wà létí irin rélùwéè bẹ́ẹ̀. Òun náà jẹ́rìí sí i pé ariwo ibẹ̀ pọ̀.

Kí ló dé tí bàbá ẹlẹ́rìí á wá parọ́? Ẹni Kẹsàn-án ló dáhùn, ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú fíìmù náà sì nìyẹn. Nílé ẹjọ́, nígbà tí gbogbo wọn ń gbọ́ ọ̀rọ̀, aṣọ ni òun ń wò. Ó rí i pé kóòtù bàbá náà ti ya léjìká, ó rí i pé ó rọra ń rìn kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó ń tiro. Ó ní ẹni tó ti pé 75 ọdún láyé nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni ò wá ìmọ̀ràn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ rí, tí wọn ò tọ́ka sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Ìgbà kan ṣoṣo tí gbogbo ilé ẹjọ́ máa dákẹ́ gbọ́ ọ nìyí. Kò ní ó parọ́. Ó ní ó ṣeé ṣe kó ti gba ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n bi í pé báwo ló ṣe mọ gbogbo ìyẹn. Ojú rẹ̀ ti sọ ọ́ kí ó tó dáhùn: ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ. Kò sí bí ayàwòrán ilé bí Ẹni Kẹjọ, tó lówó lọ́wọ́, tí aṣọ rẹ̀ funfun nini, ṣe fẹ́ rí ìyẹn.

Ẹni Kẹta, ọ̀gá oníṣòwò kan tí ohùn rẹ̀ le, fi àgbàlagbà yìí ṣẹ̀sín. Kun-kun-ilé tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ló dìde sí i, ó ní tó bá tún bá àgbà sọ̀rọ̀ báyẹn, òun á dá a dùbúlẹ̀. Mo gbà pé kò sí Yorùbá tó máa wo ibẹ̀ tí kò ní mirí. Nípa igbe "màá pa ọ́" tí ọmọ náà ké, ìyá wo nílẹ̀ wa ni kò tíì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun á pa á lónìí? Ẹni Kẹta ní kò sẹ́ni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́ ṣe é. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí inú fi bí i, wọ́n dì í mú, ó ń jà fitafita, ó ń kígbe mọ́ Ẹni Kẹjọ pé òun á pa á. Ẹni Kẹjọ rọra bi í bóyá ó fẹ́ pa òun lóòótọ́. Yàrá dákẹ́.

Ẹni Kọkànlá, onísẹ́ aago tó wá láti Yúróòpù, tí àwọn kan ń fi ohùn àjèjì rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, ló béèrè pé bí ọmọ náà bá pààyàn lóòótọ́, kí ló padà wálé wá ṣe ní wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ẹni Kejì, akọ̀wé báǹkì tí ohùn rẹ̀ kì í jáde, tó ń pín súìtì ikọ́ kiri, ló mú ọ̀rọ̀ ojú ọgbẹ́ wá: ínṣì méje ni bàbá fi ga ju ọmọ lọ, síbẹ̀ láti òkè ni ọ̀bẹ ti wọlé. Ẹni Karùn-ún ló wá fi bí wọ́n ṣe ń lo irú ọ̀bẹ yẹn hàn wọ́n. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni wọ́n fi ń gún un. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò kò ní gbé e sókè kó tó gún, kò sí àyè ìyẹn. Báwo ló ṣe mọ̀? Irú àdúgbò ọmọ náà ni wọ́n bí òun náà sí. Níbẹ̀rẹ̀ fíìmù, nígbà tí àwọn kan ń sọ pé ọ̀daràn ni gbogbo ọmọ ibẹ̀, ṣe ló sorí kọ́. Ohun tó ń tì í lójú láti àárọ̀ ló wá di ìmọ̀ tí gbogbo wọn kò ní.

Ó ku obìnrin ojú fèrèsé. Ẹni Kẹrin, oníṣòwò ìpín ìdókòwò, ló gbé ẹ̀rí rẹ̀ dúró gbọn-in. Òun ló gbọ́n jù nínú àwọn tó ní ọmọ náà jẹ̀bi. Kì í pariwo, kì í bọ́ kóòtù, ó ní òun kì í làágùn. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fọwọ́ ra igun imú. Arúgbó wa rí i, ó ní kí ló ń rà? Ó ní àpá awò ojú ni. Arúgbó ní irú àpá yẹn ni òun rí nímú obìnrin náà nílé ẹjọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ awò wá síbẹ̀. Àwọn mìíràn rántí pé àwọn náà rí i. Ta ló ń wọ awò ojú sùn? Ó rí ẹnì kan lódìkejì lóru lóòótọ́, àmọ́ ṣé ojú rẹ̀ dá ẹni náà mọ̀? Ẹni Kẹrin ronú, ó ní òun ń ṣiyèméjì báyìí.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé ta ni áktọ̀, mo máa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹni Kẹjọ kò mọ bí ọ̀bẹ ṣe ń gún, kò rí kóòtù tó ya, kò rí àpá awò. Ohun tó ṣe ni pé kò jẹ́ kí wọ́n tètè lọ sílé. Ibi tí iṣẹ́ ẹni tó kọ ọ́ ti dán nìyẹn: ohun tí ojú ẹnì kan nínú wọn ti rí nígbèésí ayé rẹ̀ ló wó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rí tó wó. Bí ẹ bá yọ ẹnì kan kúrò nínú wọn, bí ẹ bá fi ọlọ́gbọ́n mìíràn dípò rẹ̀ gan-an, ó ṣeé ṣe kí wọ́n pa ọmọ náà.

Reginald Rose lorúkọ ẹni tó kọ ọ́. Òun náà jókòó ní júrì ní New York lọ́dún 1954, ìyẹn ló gbé kọ eré náà, tí wọ́n ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n CBS ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà. Fonda àti Rose ni wọ́n jọ gbé e di fíìmù, wọ́n sì fún Sidney Lumet, tí kò ṣe fíìmù sinimá rí, pé kó darí rẹ̀. Owó tí wọ́n ná kò tó $350,000. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe ìdánrawò, kí wọ́n tó ya á láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nítorí pé títún iná tò ń ná wọn lówó, ìhà kan yàrá ni wọ́n ń yà tán kí wọ́n tó kọjú sí ìhà kejì. Nígbà mìíràn, ẹnì kan á bú ẹnì kejì lónìí, èsì èébú náà á di ọjọ́ mélòó kan sí i. Ẹ lọ wò ó kí ẹ rí i bóyá ẹ mọ ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀.

Ohun kan wà tí ara yín á mọ̀ kí ojú yín tó mọ̀ ọ́n. Bí fíìmù ṣe ń lọ, ó máa ń dà bíi pé yàrá ń fún pọ̀. Yàrá náà kò yí padà o, kámẹ́rà ni. Lumet ṣàlàyé rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó yá: níbẹ̀rẹ̀, kámẹ́rà ga ju ojú àwọn èèyàn náà lọ, láàárín, ó wá sí ọ̀gangan ojú wọn, lápá ìparí, ó wà nísàlẹ̀, ó ń wò wọ́n lókè, ìdí nìyẹn tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí àjà. Ó sì ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì sí àwọn tó ń fa ògiri súnmọ́ ẹ̀yìn orí èèyàn. Ooru mú, òjò ṣú, fáànù tó kọ̀ láti àárọ̀ wá ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n tan iná, torí ojú ibi kan náà ni wọ́n ti ń tan méjèèjì. Boris Kaufman ló di kámẹ́rà mú.

Mo ní kí n má pẹ́ lórí Ẹni Kẹwàá, ṣùgbọ́n kò ṣeé fò. Ọ̀gá gáráàjì ni, ó lọ́fìn-ìn-kì, ẹnu rẹ̀ kò sì mọ́. "Àwọn wọ̀nyẹn" ló ń pe irú ọmọ náà, fíìmù ò sì sọ ẹ̀yà tí "àwọn wọ̀nyẹn" jẹ́, kí oníkálukú lè fi tirẹ̀ síbẹ̀. Ó ní ọmọ náà ò gbọ́ òyìnbó dáadáa, òyìnbó tó fi sọ ọ́ sì ti fọ́. Onísẹ́ aago tó jẹ́ àjèjì ló bá a tún un sọ. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ òun, ó dìde, ó tú gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀ sílẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń parọ́, bí wọ́n ṣe ń mutí, bí ẹ̀mí èèyàn kò ṣe jẹ́ nǹkan kan lójú wọn. Ẹni Karùn-ún kọ́kọ́ dìde nídìí tábìlì, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Òmíràn dìde. Òmíràn tún dìde. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ bó ṣe ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbọ́ òun. Ẹni Kẹrin ló sọ fún un níkẹyìn pé òun ti gbọ́, kó lọ jókòó, kó má sì la ẹnu mọ́. Ẹ má gbàgbé pé nígbà yẹn, Ẹni Kẹrin ṣì gbà pé ọmọ náà jẹ̀bi. Apá kan náà ni òun àti ẹlẹ́nu yẹn wà, ó sì kọ̀ láti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ borí. Mi ò mọ fíìmù tó tún fi ìyàtọ̀ yẹn hàn báyìí.

Ó lábùkù tirẹ̀. Òfin kò gba ẹni tó wà ní júrì láyè láti lọ ra ọ̀bẹ wá fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ lóòótọ́ ni, ìyẹn nìkan lè dá gbogbo ìgbẹ́jọ́ náà rú. Ọ̀rọ̀ awò ojú yẹn pàápàá, àbá ni, kò sẹ́ni tó bi obìnrin náà. Kò sí obìnrin kan láàárín wọn, kò sí aláwọ̀ dúdú kan. Nígbà tí wọ́n tún eré náà ṣe fún tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 1997, wọ́n fi àwọn aláwọ̀ dúdú sí i, obìnrin sì ni adájọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ọkàn wọn yí padà pẹ̀lú ọlá. Oníbésíbọ́ọ̀lù yẹn yí ìbò rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ máa lọ, onísẹ́ aago sì gbá a mú, ó ní ẹ̀tọ́ wo lo ní láti fi ẹ̀mí èèyàn ṣeré báyìí, sọ ìdí rẹ fún mi. Mo gbádùn pé wọ́n fi ìyẹn síbẹ̀. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn tó tóbi kan lọ́dún yẹn, Béárì Oníwúrà ti àjọ̀dún fíìmù Berlin. Ní Oscar, wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún mẹ́ta, kò gba ìkankan, sinimá kò sì kún fún un.

Ẹni ìkẹyìn ni Ẹni Kẹta. Lee J. Cobb ló ṣe é. Ó ku òun nìkan, bí Ẹni Kẹjọ ṣe nìkan wà níbẹ̀rẹ̀. A ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ pé ó lọ́mọ kan tó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti fojú kan ara wọn, ọmọ tó fẹ́ fi ipá sọ di ọkùnrin, tí ọmọ sì lù ú lẹ́nu. Ó ju àpò owó rẹ̀ sórí tábìlì bó ṣe ń rojọ́, fọ́tò òun àti ọmọ náà sì yọ síta. Ó ya á wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Lẹ́yìn náà ló sunkún, ó ní kò jẹ̀bi. Kò sẹ́ni tó yọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n ń jáde, Ẹni Kẹjọ mú kóòtù rẹ̀, ó bá a wọ̀ ọ́.

Níta, òjò ti dá. Kámẹ́rà padà sí lẹ́ǹsì tó fẹ̀, a rí ojú ọ̀run. Arúgbó wa pe Ẹni Kẹjọ padà lórí àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́, ó béèrè orúkọ rẹ̀. Ó ní Davis. Arúgbó ní òun ń jẹ́ McCardle. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọn ò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ, oníkálukú bá tirẹ̀ lọ. Nínú àwọn méjìlá, orúkọ méjì yẹn nìkan la gbọ́. Ti ọmọ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jà, a ò gbọ́ ọ rárá.